Bí praimárì kẹta ṣe kọ sóbò sílẹ̀: àkọsílẹ̀ ẹ̀kọ́ kan lórí ásíìdì ní Ìlọrin

Ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba kan wà ní Ìlọrin, kò jìnnà sí Ọjà Ìpàtà. Ẹ̀yìn ọgbà rẹ̀ ni àwọn tó ń tún bátìrì ọkọ̀ ṣe pa ṣọ́ọ̀bù sí. Lọ́jọ́ kan, ọmọkùnrin kan ní praimárì kẹta dojú bátìrì tí wọ́n ti jù sílẹ̀ bolẹ̀, ó fẹ́ mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, omi inú rẹ̀ sì ta sí i ní ṣòkòtò. Ọ̀kan nínú àwọn oníbátìrì tètè da omi púpọ̀ lé e lẹ́sẹ̀, ara rẹ̀ kò sì bó. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìyá rẹ̀ fọ ṣòkòtò náà, ihò ló bá níbẹ̀. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ wá sọ fún olùkọ́ kíláàsì náà pé kó kìlọ̀ fún àwọn ọmọ, kó sì ṣàlàyé ohun tí ásíìdì jẹ́ fún wọn.

Obìnrin ni olùkọ́ náà. Àǹtí ni àwọn ọmọ ń pè é, èmi náà á sì pè é bẹ́ẹ̀ níbí. Kì í ṣe aláìmọ̀kan: ó gba ìwé ẹ̀rí NCE lórí sáyẹ́ǹsì, ó sì ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa jókòó sẹ́yìn kíláàsì àwọn olùkọ́ bíi tirẹ̀, kí a sì jọ yẹ ẹ̀kọ́ wò tí àwọn ọmọ bá ti lọ sílé. Òun ló ní kí n kọ èyí sílẹ̀ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ wa.

Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ kò pẹ́. Àǹtí na ṣòkòtò tó lu náà sókè, ó ní, “Ásíìdì ló ṣe èyí. Ásíìdì a máa jẹ ẹran ara, a sì máa lu aṣọ. Ẹ má fọwọ́ kàn án.” Kíláàsì pa rọ́rọ́. Ká ní ó dúró síbẹ̀, ìkìlọ̀ lásán ni ì bá jẹ́. Ṣùgbọ́n wọ́n ní kó ṣàlàyé, ó sì fẹ́ ṣe é dójú àmì. Ó ṣí ìwé, ó ní ásíìdì wà nínú ọ̀pọ̀ ohun tí à ń jẹ: ó wà nínú ọsàn wẹ́wẹ́, ó wà nínú ògì, ó wà nínú sóbò. Bó ṣe sọ èyí tán ni aago lù.

Nígbà ìsinmi, obìnrin tó ń ta sóbò lẹ́nu géètì retí àwọn oníbàárà rẹ̀ láti praimárì kẹta, kò rí ẹnì kan. Ó rò pé owó ni kò sí. Lọ́jọ́ kejì, bákan náà. Ọmọ kíláàsì mìíràn ló tú àṣírí náà fún un: “Àǹtí wọn ní sóbò máa ń lu ikùn èèyàn.” Ọ̀rọ̀ náà ti délé àwọn kan kó tó dé etí rẹ̀. Ọmọ kan kọ ògì àárọ̀, ó ní òun kò fẹ́ kí ọ̀fun òun lu. Òmíràn gba ọsàn wẹ́wẹ́ mọ́ ìyá àgbà lọ́wọ́ níbi tó ti fẹ́ fi fọ ẹja.

Mo wà ní ọgbà ilé ẹ̀kọ́ lọ́jọ́ tí ìyá oní-sóbò wọlé wá. Ó kúnlẹ̀ kí ọ̀gá àti Àǹtí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ kò kúnlẹ̀ rárá.

“Àǹtí, ṣé ẹ rí ẹni tí sóbò mi pa rí ni?”

“Ẹ má bínú, Màmá. Mi ò sọ pé sóbò yín kò dáa.”

“Ẹ ní ásíìdì wà nínú ẹ̀.”

“Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́, Màmá, àmọ́…”

“Ẹ ò rí i! Sóbò tó jẹ́ pé bí mo bá ti fi ọṣẹ kan ike rẹ̀ ni omi rẹ̀ á di aró, tí ọṣẹ lásán ń borí ẹ̀, òun náà lẹ wá ń fi wé omi bátìrì?”

Ọ̀gá bẹ̀ ẹ́, Àǹtí bẹ̀ ẹ́, ó sì lọ. Kò sẹ́ni tó ka ọ̀rọ̀ ike yẹn sí nínú wa lọ́jọ́ náà.

Kí a tó máa bá ìtàn lọ, ó yẹ kí a wo ohun tí àwọn ọmọ yẹn ṣe. Wọ́n gbọ́ gbólóhùn méjì láti ẹnu ẹni tí wọ́n gbà gbọ́. Àkọ́kọ́ ní ásíìdì ń lu aṣọ. Èkejì ní ásíìdì wà nínú sóbò. Wọ́n so méjèèjì pọ̀, wọ́n sì dé ibi tó yẹ kí ẹni tó bá ń ronú dé. Òótọ́ sì ni gbólóhùn méjèèjì. Ohun tí kò sí láàárín wọn ni ọ̀rọ̀ ìwọ̀n: irú ásíìdì wo, báwo ló ṣe pọ̀ tó nínú omi tó gbé e, báwo ló sì ṣe ń tú ara rẹ̀ sílẹ̀ tó, ìyẹn bó ṣe ń pín sí wẹ́wẹ́ nínú omi. Omi bátìrì ọkọ̀ jẹ́ ásíìdì sọ́fúríìkì, tó bá sì gba iná dáadáa, ìwọ̀n ásíìdì inú rẹ̀ a tó nǹkan bí ìdá mẹ́ta kan ìwúwo omi náà. Tí ẹ̀kán rẹ̀ bá bọ́ sára aṣọ òwú, omi á gbẹ kúrò, ásíìdì kì í gbẹ. Ńṣe ló máa ń ki sí i, tí yóò sì máa jẹ fọ́nrán òwú náà díẹ̀díẹ̀, ìdí nìyẹn tí ìyá ọmọ kò fi rí ihò àfìgbà tó fọ aṣọ. Àwọn ásíìdì inú sóbò àti ti ọsàn wẹ́wẹ́ kì í tú ara wọn sílẹ̀ tán nínú omi, ìdí nìyẹn tí wọn kò fi lágbára tó ti bátìrì. Ti inú ògì, tí à ń pè ní ásíìdì láktíìkì, àwọn kòkòrò tí ojú kò lè rí ló ń ṣe é nígbà tí a bá rẹ àgbàdo tàbí bàbà sómi fún ọjọ́ mélòó kan.

Àgbà yóò gbọ́ èyí yé. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ńkọ́?

Ohun tí Àǹtí kọ́kọ́ gbìyànjú lẹ́yìn èyí ni ahọ́n. Ó gé ọsàn wẹ́wẹ́, ó fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀nba, ojú gbogbo wọn fún pọ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ohun tó bá kan báyìí, ásíìdì ló ń jẹ́ kó kan.” Ẹ̀rù sóbò bẹ̀rẹ̀ sí í lọ, ó sì dà bí ẹni pé iṣẹ́ ti tán. Àfi bí ọmọkùnrin oníṣòkòtò ṣe nawọ́ sókè: “Àǹtí, omi bátìrì yẹn náà, ṣé ó kan? Ta ló tọ́ ọ wò?”

Mo rí i bí ojú Àǹtí ṣe yí padà. Ó yé e lójú ẹsẹ̀ pé òun ti fi ahọ́n lé àwọn ọmọ lọ́wọ́ gẹ́gẹ́ bí irinṣẹ́ tí wọn yóò máa fi mọ ásíìdì, ásíìdì tó burú jù sì wà lẹ́yìn ògiri. Mo ti rí ọ̀nà ahọ́n yìí nínú ìwé púpọ̀, mi ò sì fara mọ́ ọn fún ọmọdé níbikíbi. Yàtọ̀ sí ewu, kò tilẹ̀ ṣeé gbára lé: ọtí ẹlẹ́rìndòdò tí wọ́n fi ń ṣàlejò kún fún ásíìdì, ṣúgà ló bo kíkan rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ọmọdé á tọ́ ọ wò, á ní kò sí ásíìdì níbẹ̀, á sì búra.

Ọ̀nà kejì kò pẹ́ láti kú. Àǹtí padà sínú ìwé NCE rẹ̀, ó sọ fún wọn pé ásíìdì ni ohun tó ń tú áyọ́ọ̀nù háídrójìn sílẹ̀ nínú omi (ẹyọ kékeré jọjọ tó ní agbára iná lára ni áyọ́ọ̀nù). Bí Svante Arrhenius, ará Sweden, ṣe là á kalẹ̀ nìyẹn láti nǹkan bí ọdún 1884, ẹ̀kọ́ náà sì wà lára ohun tó jẹ́ kó gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 1903. Ọmọbìnrin kan béèrè pé, “Àǹtí, ta ni áyọ́ọ̀nù?” Ẹ̀kọ́ parí síbẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn la jókòó sínú kíláàsì tó ti ṣófo. Mo bi Àǹtí léèrè ohun tí ìyá oní-sóbò sọ nípa ike àti ọṣẹ. Ó kọ́kọ́ wò mí, kò rántí. Lẹ́yìn náà ló pàtẹ́wọ́, ó dìde, ó lọ sẹ́nu géètì, ó ra sóbò, ó sì ra ọṣẹ ní ìsọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ìṣápá pupa ni wọ́n fi ń ṣe sóbò, èròjà tó sì mú un pọ́n wà lára àwọn tí àwọn onísáyẹ́ǹsì ń pè ní anthocyanin. Èròjà yìí máa ń yí àwọ̀ padà bí ohun tó bá pàdé bá ṣe rí. Nínú ásíìdì, a pọ́n dáadáa. Nínú álíkálì, tí í ṣe ẹ̀yà kejì tó ń bá ásíìdì ṣe òdìkejì, irú bí omi ọṣẹ, káún àti eérú, a di àwọ̀ aró tàbí àwọ̀ ewé. Kì í ṣe ọgbọ́n tuntun. Lọ́dún 1664 ni Robert Boyle, ọmọ Ireland, ti tẹ ìwádìí jáde lórí bí omi òdòdó kan ní ilẹ̀ wọn ṣe ń pọ́n nínú ásíìdì, tó sì ń di àwọ̀ ewé nínú álíkálì. Ìyá oní-sóbò ti rí tirẹ̀ nínú omi ìfọke, kò ka ìwé Boyle.

Àǹtí ní kí ìyá náà bá òun se sóbò lọ́tọ̀, kò gbọdọ̀ ní ṣúgà, atalẹ̀ tàbí ọ̀pẹ̀ òyìnbó nínú. Inú ìyá dùn, ó sì gbé e wọlé fúnra rẹ̀ lọ́jọ́ ẹ̀kọ́. Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ẹni tó bá fẹ́ ṣe é fi sọ́kàn: ẹ là á lómi dáadáa. Sóbò fúnra rẹ̀ ní ásíìdì nínú. Tó bá ki jù, omi ọṣẹ díẹ̀ kò ní lè yí i, àwọn ọmọ á sì rò pé ọṣẹ kò ṣe nǹkan kan. Ìgbà tí àwọ̀ rẹ̀ bá fúyẹ́ débi pé ẹ lè ka lẹ́tà tó wà lẹ́yìn ife ló tó.

Wọ́n to ife oníke tó mọ́ gaara sórí tábìlì. Àǹtí da sóbò tí wọ́n ti là lómi sí gbogbo wọn, bákan náà. Ó wá fi ṣíbí bu ohun kọ̀ọ̀kan sí i, wọ́n sì ń wò. Omi ọsàn wẹ́wẹ́: ó pọ́n sí i. Omi orí ògì: ó pọ́n. Omi ẹ̀rọ: kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe nǹkan kan. Omi iyọ̀ àti omi ṣúgà: wọn kò yí i. Omi ọṣẹ: ariwo sọ. Káún tí wọ́n gún tí wọ́n sì pò mọ́ omi: ariwo tún sọ, torí ó di àwọ̀ aró tó fẹ́ máa di àwọ̀ ewé. Omi eérú tí wọ́n sẹ́: àwọ̀ ewé, nígbà tó sì pẹ́ díẹ̀ ó bẹ̀rẹ̀ sí í di àwọ̀ ìyeyè.

Mo gbóríyìn fún Àǹtí nítorí ife iyọ̀ àti ti ṣúgà. Olùkọ́ púpọ̀ ló máa ń fò wọ́n nítorí pé wọn kò pa àwọn ọmọ lẹ́rìn-ín. Láìsí wọn, ọmọ á rò pé ayé pín sí méjì péré, ohun tí kì í bá ṣe ásíìdì á jẹ́ álíkálì. Ife méjì tí kò ṣe nǹkan kan yẹn ló sọ fún wọn pé ẹ̀yà mìíràn wà.

Lẹ́yìn èyí ni ọmọbìnrin tó béèrè pé ta ni áyọ́ọ̀nù mú nǹkan jáde nínú báàgì rẹ̀. Ìṣápá ni, ṣùgbọ́n ti funfun tí a fi ń se ọbẹ̀ ẹ̀gúsí ni ìyá àgbà rẹ̀ dì fún un. Wọ́n rẹ ẹ́ sínú omi gbígbóná, wọ́n da omi ọṣẹ sí i. Kò yí sí aró. Ó kan, ásíìdì wà nínú rẹ̀ bíi ti pupa, ṣùgbọ́n kò ní èròjà aláwọ̀ tó máa ń yí padà. Àǹtí rí àyè sọ fún wọn pé àwọ̀ inú sóbò kọ́ ni ásíìdì, olófòófó ni àwọ̀ náà, ó kàn ń sọ fún wa bóyá ásíìdì wà níbẹ̀. Ọmọ náà ní, “Ìyá àgbà máa ń fi káún sí i bí wọ́n bá ń bọ̀ ọ́, wọ́n ní kó má kan jù.” Mo dìde lórí àga mi. Gbogbo ẹ̀kọ́ bí álíkálì ṣe ń pa agbára ásíìdì ti wà nínú ìkòkò ìyá àgbà yẹn, ọmọ náà ló sì gbé e wá sí kíláàsì, kì í ṣe ìwé.

Àǹtí kò jẹ́ kó tutù. Ó mú ife tí káún ti sọ di àwọ̀ aró, ó ní kí ọmọ náà máa kán omi ọsàn wẹ́wẹ́ sí i pẹ̀lú síríǹjì tí kò ní abẹ́rẹ́. Ó kán an, ó ń ho, ó ń yọ fóòmù. Afẹ́fẹ́ kábọ̀n dáyọ́ksáìdì ló ń jáde láti inú káún. Àwọ̀ aró kọ́kọ́ dúró. Ó kán sí i, ó kán sí i, lẹ́ẹ̀kan náà àwọ̀ pupa dé. Ọmọ kan ní, “Bí ẹni méjì tó ń jà ni, ẹni tó bá pọ̀ jù ló ń borí.” Àǹtí kò fi kún un, kò sì yọ kúrò. Ọ̀rọ̀ “pọ̀ jù” tí à ń wá láti ọjọ́ kìn-ín-ní ti ti ẹnu ọmọ jáde.

Níbí ni ohun tó lè bà á jẹ́ ti fẹ́ ṣẹlẹ̀. Ọmọkùnrin oníṣòkòtò ti mú ìgò bílíìṣì kékeré bọ̀ láti ilé, irú èyí tí wọ́n fi ń fọ aṣọ funfun, ó sì ti ṣí i, ó fẹ́ dà á sínú ife tí omi ọsàn wẹ́wẹ́ wà. Àǹtí gbá ọwọ́ rẹ̀ mú. Bí bílíìṣì bá pàdé ásíìdì, afẹ́fẹ́ kilorínì á jáde, afẹ́fẹ́ tí wọ́n fi pa àwọn ọmọ ogun nígbà Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní. Nínú kíláàsì tí fèrèsé rẹ̀ kéré, tí àwọn ọmọ ti rọ̀ mọ́ tábìlì, mi ò fẹ́ ronú sí i. Bílíìṣì tilẹ̀ máa ń ba ẹ̀kọ́ náà jẹ́ lọ́nà mìíràn: álíkálì ni, ṣùgbọ́n ó máa ń pa àwọ̀ sóbò rẹ́ pátápátá, kò sì ní jẹ́ kí ọmọ mọ ohun tó rí. Àǹtí sọ ọ́ fún wọn láìfi ọ̀rọ̀ pamọ́: bílíìṣì àti ohun kíkan kì í pàdé, nílé tàbí níbí, bílíìṣì àti ohun tí wọ́n fi ń fọ ilé ìgbẹ́ kì í sì í pàdé. Ó gba ìgò náà, ó tì í mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù, ó sì fi ìwé ránṣẹ́ sí ìyá ọmọ náà. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe ẹ̀kọ́ yìí, kó kọ ohun tí àwọn ọmọ lè mú wá láti ilé sílẹ̀, kó sì yẹ báàgì wò kó tó bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tí ẹ̀kọ́ dùn mọ́ nínú ni ẹ ó ṣọ́ jù.

Ó ku ìbéèrè omi bátìrì. Ọmọkùnrin náà fẹ́ kí wọ́n bu u wá kí wọ́n fi sóbò dán an wò. Àǹtí kọ̀, mo sì gbà pẹ̀lú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò fi ìbéèrè náà sílẹ̀ láìdáhùn. Ó ní kí wọ́n ka iye ṣíbí omi káún tí ife kọ̀ọ̀kan máa gbà kó tó fi pupa sílẹ̀. Omi orí ògì kò gbà púpọ̀. Sóbò tí wọn kò là lómi gbà jù ú lọ. Omi ọsàn wẹ́wẹ́ gbà títí, omi káún fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ó fa ìlà gbọọrọ kan sójú pátákó, ó to ògì, sóbò àti ọsàn wẹ́wẹ́ sí i bí ṣíbí wọn ṣe tẹ̀ léra. Ó wá rìn lọ dé ìparí ògiri, ó fi ẹfun sàmì síbẹ̀, ó ní, “Ibí ni omi bátìrì wà.” Ọmọkùnrin náà wo ìlà náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó ní, “Ẹbí kan náà ni wọ́n, àmọ́ ó jìnnà sí wọn.”

Fún àwọn olùkọ́, kì í ṣe fún àwọn ọmọ, ohun tó wà lẹ́yìn ìlà yẹn ni òṣùwọ̀n pH tí Søren Sørensen, ará Denmark, gbé kalẹ̀ lọ́dún 1909. Omi tó mọ́ wà ní 7. Ohun tó bá lọ sísàlẹ̀ 7 jẹ́ ásíìdì, ohun tó bá lọ sókè jẹ́ álíkálì, ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ ìlọ́po mẹ́wàá. Ọsàn wẹ́wẹ́ máa ń wà ní nǹkan bí 2, ògì tó ti kan dáadáa ní nǹkan bí 4, omi ọṣẹ ní 9 tàbí 10, omi bátìrì sì wà nísàlẹ̀ 1. Ẹ kíyè sí i pé kíka ṣíbí kì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú pH. Ṣíbí ń sọ gbogbo ásíìdì tó wà nínú omi náà, pH ń sọ èyí tó ti tú ara rẹ̀ sílẹ̀. Ìyàtọ̀ yìí ṣe pàtàkì ní SS2. Ní praimárì kẹta, ẹ jẹ́ kó sùn.

Ohun tó mú ìbẹ̀rù kúrò pátápátá kì í ṣe àwọ̀, ikùn ni. Àǹtí sọ fún wọn pé ásíìdì wà nínú ikùn olúkúlùkù wọn báyìí báyìí, tí ara fúnra rẹ̀ ṣe, ó sì ń bá wọn da oúnjẹ, ó ń pa kòkòrò tó bá bá oúnjẹ wọlé. Ásíìdì háídrókilóríìkì ni, ó sì le ju ti ògì lọ fíìfíì. Wọ́n fọwọ́ kan ikùn wọn. “Kí ló dé tí kò lu ikùn mi?” Àǹtí ní ohun kan tó nípọn tó sì ń yọ̀ ló bo ara ikùn nínú, ara sì ń ṣe tuntun rẹ̀ nígbà gbogbo. Ọmọ mìíràn ní bàbá òun máa ń mu oògùn funfun kan bí àyà bá ń ta á. Àǹtí bi kíláàsì léèrè: ásíìdì ni oògùn náà àbí òdìkejì rẹ̀? Ọ̀pọ̀ wọn pariwo pé òdìkejì ni. Kò sẹ́ni tó kọ́ wọn ní ìyẹn.

Ẹlẹgbẹ́ wa kan sọ fún mi lẹ́yìn náà pé kò yẹ kí wọ́n dárúkọ ásíìdì rárá fún ọmọ praimárì kẹta, kí wọ́n kàn ní “ohun kíkan” títí wọn yóò fi dàgbà. Mi ò gbà. Wọ́n ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn oníbátìrì, wọ́n ń gbọ́ ọ nínú ìròyìn pé wọ́n da ásíìdì sí ẹnì kan lójú. Bí ilé ẹ̀kọ́ kò bá sọ ọ́, ìtumọ̀ ti ìgboro nìkan ni yóò wà lọ́kàn wọn. Ohun tí mo gbà ni pé kí a má fi ewu bẹ̀rẹ̀. Kí ìkìlọ̀ ní ọjọ́ tirẹ̀, kí àlàyé ní tirẹ̀, kí a má sì gbé orúkọ oúnjẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ ohun tó ń jóni títí àwọn ọmọ yóò fi ní ìlà tí wọ́n lè to méjèèjì sí.

Ọ̀rọ̀ èdè náà wà níbẹ̀. Yorùbá ni Àǹtí fi ṣe gbogbo rẹ̀, ó sì ń bẹ̀rù kí alábòójútó má bàa bá a wí. Mo rán an létí pé láti ọdún 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ifẹ̀ ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò fún ọdún mẹ́fà gbáko, àwọn ọmọ náà kò sì rẹ̀yìn. Ká ní Gẹ̀ẹ́sì ni kíláàsì yẹn ń sọ ni, ọ̀rọ̀ káún ìyá àgbà kì bá ti jáde.

Iṣẹ́ náà kò yanjú tán o. Nígbà tí Àǹtí ní kí wọ́n pín àwòrán oúnjẹ sí ẹ̀yà, ó bá epo pupa lọ́dọ̀ ásíìdì nínú ìwé ọmọ púpọ̀. Ó bi wọ́n léèrè ìdí. “Ó pọ́n, Àǹtí.” Wọ́n ti ka àwọ̀ tí ohun kan ní tẹ́lẹ̀ sí àwọ̀ tó ń mú kí sóbò ní. Mo rẹ́rìn-ín, torí pé àwọn ásíìdì ọ̀rá wà nínú epo lóòótọ́, òun ni eérú fi ń sọ ọ́ di ọṣẹ dúdú, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìdí tí wọ́n fi kọ ọ́ nìyẹn. Epo kì í sì í bá omi pò, sóbò kò lè sọ nǹkan kan nípa rẹ̀.

Tòmátì tó wà lára àwọn àwòrán náà ló mú un burú: ó pọ́n, ásíìdì sì ni, ó wá dà bí ẹni pé ìdáhùn wọn tọ̀nà. Àǹtí ti tún ètò ẹ̀kọ́ náà ṣe fún sáà tó ń bọ̀. Ohun funfun nìkan ló máa wà lórí tábìlì lọ́jọ́ àkọ́kọ́: ògì, iyọ̀, ṣúgà, ọṣẹ funfun àti bekin sóda. Ògì á pọ́n, ọṣẹ àti sóda á di aró, iyọ̀ àti ṣúgà á dúró bí wọ́n ṣe wà. Ọsàn wẹ́wẹ́ àti káún di ọjọ́ kejì. Tòmátì àti epo pupa á kẹ́yìn, kí àwọn ọmọ tó rí wọn, kí wọ́n kọ́kọ́ kọ ohun tí wọ́n rò pé sóbò máa ṣe sílẹ̀.